ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́: ALÙPÙPÙ TÓ JU ẸSẸ̀ WA LỌ KÌ Í ṢE IRINṢẸ́, PAŃPẸ́ NI

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń jí kí àkùkọ tó kọ, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ lọ́sàn-án lóru, ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri ìgboro nínú òjò àti nínú oòrùn, ẹ̀yin ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ wá lọ́kàn tí a fi mú kálámù lóṣù yìí. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Wọn yóò ní nígbà tí owó oṣù kò gbé ènìyàn dé ìparí oṣù, kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú gíga ìjókòó alùpùpù? Ìdáhùn wa ni pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ. Ọ̀rọ̀ tó ti dá eegun ọmọ ẹgbẹ́ wa kúrò ní ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. A kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà síhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàárín àwa àti wọn. Wọ́n ra alùpùpù tuntun fún àwọn tó ń gbé ẹrù lọ fún oníbàárà. Irú kan náà ni gbogbo wọn, gíga kan náà. Ọ̀gá tó lọ rà wọ́n ga gbọ̀ngbọ̀nràn, kò sì gun alùpùpù rí. Inú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nítorí atẹ́gùn tútù ni ó ń jókòó sí wá síbi iṣẹ́. Kò bi ẹnì kan léèrè nínú àwọn tí yóò gùn ún. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ náà dé, àwa fúnra wa fi téèpù wọn ìjókòó wọn láti ilẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 83. Arákùnrin wa kan wà níbẹ̀ tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 2. Láti ìpàdé itan rẹ̀ dé ilẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 72 lọ. Ẹ yọ 72 kúrò nínú 83: ó ku 11. Bàtà á fi díẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì rọlẹ̀ díẹ̀ bí ó bá jókòó lé e, ṣùgbọ́n èyí tó bá kù, orí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni yóò fi máa tiro gbà á.

Arákùnrin yìí kò dákẹ́. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹsẹ̀ mi kò tólẹ̀." Ọ̀gá dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá lè gùn ún kí ó lọ wá iṣẹ́ míràn, pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ kún ẹnu géètì. Nítorí ọmọ àti ìyàwó, ó gùn ún. Kò pẹ́ tí òjò fi rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó dé ìkóríta, àpótí ẹrù kún fọ́fọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mọ́tò iwájú sì dúró lójijì. Ó tẹ búrèkì, ó sọ ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀, àmọ́ títì náà dagun lọ sí apá gọ́tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀ títí, kò rí ilẹ̀. Alùpùpù ṣubú lù ú, eegun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ owó iná iwájú àti ọwọ́ búrèkì tó ṣẹ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé àìbìkítà ni.

Àìbìkítà ta ni? Ṣé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀ ló ṣe àìbìkítà ni, àbí ẹni tó ra ẹ̀rọ láìwo ẹsẹ̀ ẹni tí yóò gùn ún? Bí télọ̀ bá rán ṣòkòtò kan náà fún gbogbo ọmọ ilé, ṣé ọmọ tí tirẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ ni a ó nà lẹ́gba? Bí a bá fún agbábọ́ọ̀lù tó ń wọ bàtà 40 ní bàtà 45, tó wá fi orí gbálẹ̀, ṣé a ó ní kò mọ bọ́ọ̀lù gbá? Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku kì í ga kí ó lè bá ìtẹ́ mu. Ìtẹ́ ni a ń ṣe bá eku mu.

Kúkúrú kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni Ọlọ́run kò fún ní ẹsẹ̀ gígùn, tí a sì ń ṣe iṣẹ́ wa bí iṣẹ́. Àwọn obìnrin náà wà láàárín wa lónìí tí wọ́n ń fi alùpùpù gbé ẹrù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ra ẹ̀rọ kò rántí pé wọ́n wà láyé. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí kúkúrú lónìí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ga lọ́la lọ́nà míràn. Iléeṣẹ́ tí kò bá ro ti ẹsẹ̀, kò ní ro ti ẹ̀yìn, kò sì ní ro ti ojú.

Ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá alùpùpù. Ní ọdún 1958, iléeṣẹ́ Honda ní ilẹ̀ Jàpáànù gbé alùpùpù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Super Cub. Soichiro Honda àti Takeo Fujisawa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbèrò rẹ̀. Wọ́n ro ti ọmọ iṣẹ́ ilé oúnjẹ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà: ó ní láti lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ó fi ọwọ́ kejì di àtẹ oúnjẹ mú. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe yọ kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ kúrò. Wọ́n sì jẹ́ kí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ènìyàn lè gba iwájú gùn ún láìju ẹsẹ̀ sókè, ìbáà wọ ìró, ìbáà wọ ṣòkòtò. Nígbà tí ó fi di 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe nínú irú rẹ̀ ti pé mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Kò tíì sí ẹ̀rọ alágbára-ẹ́ńjíìnì kankan tí ènìyàn ń gùn tí wọ́n ṣe iye rẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ lágbàáyé. Àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ wo òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó wo irin. Ohun tí a ń béèrè nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò, a ó sì sọ èyí tó kan àwa náà. Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá yá ẹlòmíràn nínú wa lówó láti ra alùpùpù, yóò kọjá lára èyí tó bá a mu, yóò lọ ra èyí tó ga jù lọ lọ́jà, tí táńkì rẹ̀ wú bí ikùn aláboyún, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti inú igbó. Kí ló fà á? Ẹ̀sín ni. Ẹ wo bí a ṣe ń bá ara wa wí ní páàkì: "Kúkúrú, ṣé kí á gbé àpótí wá kí o fi gùn ún?" Gbogbo ènìyàn á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí a fi ṣẹ̀sín á lọ ra èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ kí ó lè fi hàn pé ọkùnrin ni òun. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀gá ni ẹ̀sín yẹn ń bá a ṣe, láìgba owó. Nígbà tí arákùnrin wa bá ti ń tijú láti sọ pé ẹsẹ̀ òun kò tólẹ̀, ta ni yóò wá bá a jà fún un?

Nítorí náà, kí a tó bá ọ̀gá jà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń jà fún. Ohun tí a ti kọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì àti lọ́wọ́ ìṣubú tiwa nìyí.

Ìkínní: ẹ wọn ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọn àpò yín. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ ki ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ le sáàárín itan, kí ẹ fà á sókè títí yóò fi kan ìpàdé itan. Kí ẹlòmíràn fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri ní orí ìwé náà, kí ó fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ há sórí. Gíga ìjókòó alùpùpù wà nínú ìwé tí iléeṣẹ́ tó ṣe é kọ. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé, téèpù yín kò ní parọ́. Ẹ wo bí ó ti yàtọ̀ síra: ìjókòó Honda Rebel 500 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 69, ti Super Cub C125 jẹ́ 78, ti Royal Enfield Classic 350 jẹ́ 80.5, ti Honda CRF300L tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà igbó jẹ́ 88. A kò ní kí ẹ lọ ra ọ̀kankan nínú wọn. Àpẹẹrẹ lásán ni. Sẹ̀ǹtímítà 19 ló wà láàárín èyí tó kúrú jù àti èyí tó ga jù. Ẹni tó bá ní "alùpùpù ni alùpùpù" kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ìkejì: gíga nìkan kọ́. Ẹ wo ìbú ìjókòó náà, pàápàá níwájú, lẹ́bàá táńkì, níbi tí itan ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ìjókòó tó bá fẹ̀ máa ń ya itan sí méjì, ẹsẹ̀ á sì kúrú sí i. Alùpùpù méjì lè ga dọ́gba, kí ẹsẹ̀ yín kanlẹ̀ lórí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má kanlẹ̀ lórí èyí tó fẹ̀.

Ìkẹta: ìwúwo. Ẹ̀rọ tí kò wúwo, ènìyàn lè fi ìka ẹsẹ̀ mú un dúró. Èyí tó wúwo, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má wọn ìwúwo rẹ̀ nígbà tí táńkì gbẹ tí kò sì sí ẹrù. Lítà epo kan wúwo tó nǹkan bí ìdámẹ́rin mẹ́ta kílò, ẹ wá fi àpótí ẹrù kún un. Ẹrù tí a gbé sókè lẹ́yìn ló burú jù, nítorí orí ni ó fi ń fa ẹ̀rọ náà ṣubú.

Ìkẹrin: ọwọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹ yí ańdù dé òpin sí ọ̀tún, kí ẹ yí i dé òpin sí òsì. Bí apá yín bá nà tán gbọnrangandan kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ̀rọ náà gùn jù fún yín. Ẹ wò ó bóyá ìka yín gbá ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti ti búrèkì mú dáadáa.

Ìkarùn-ún: ẹ má ra alùpùpù lórí sítáǹdì. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí sítáǹdì, kí ẹ wọ bàtà iṣẹ́ yín, kí ẹ jókòó lé e. Ó kéré tán, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀, tàbí kí ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ pátápátá nígbà tí ìkejì wà lórí búrèkì. Ẹ fi ẹsẹ̀ tì í padà sẹ́yìn. Ẹ gbé e lọ síbi tí ilẹ̀ ti dagun, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàárọ̀, kí ẹ máa lọ.

Èyí tí ẹ ti rà ńkọ́? Ó ní ọ̀nà. Èkíní tó sì rọrùn jù ni kí ẹ gbé ìjókòó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ìjókòó mọ́tò, kí ó gé fóòmù rẹ̀ kù, kí ó sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n kí ó má gé e di pákó, nítorí ẹni tí yóò jókòó lé e láti àárọ̀ di alẹ́ ní ẹ̀yìn tí yóò máa dùn ún. Wọ́n tún lè dẹ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn díẹ̀ bí ó bá jẹ́ èyí tó ṣeé yí, àmọ́ ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo kò gbọ́dọ̀ dẹ ẹ́ jù, kí ó má baà máa gbá nínú kòtò. Bí wọ́n bá rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, kí wọ́n rẹ iwájú náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣeé darí dáadáa. Kí wọ́n gé sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ kúrú pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò nàró jù, atẹ́gùn lásán á sì gbé e ṣubú. Kí wọ́n wò ó pé táyà kò ha mádígáàdì. Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbọ́ láàárín wa mọ́: kí ẹnikẹ́ni má gbé ṣọ́ọ̀kì lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kí ó fi iná gé sípíríǹgì rẹ̀. Ikú ni ìyẹn. Kí ẹ sì rántí pé ohun tí a bá rẹ̀ sílẹ̀ ti sún mọ́ òkúta àti àgbàrá. Ọ̀nà tiwa kì í ṣe ọ̀nà tó dán.

Àwọn ọ̀gá yóò ní gbogbo èyí kò nílò, pé kí ẹni tó kúrú kọ́ ọgbọ́n. Lóòótọ́ ọgbọ́n wà. Ẹni tó kúrú máa ń wo ilẹ̀ kí ó tó dúró, kí ó má baà sọ ẹsẹ̀ sínú kòtò. Ó máa ń sún ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹsẹ̀ òsì lè gùn sí i, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún á wà lórí búrèkì. A mọ gbogbo rẹ̀, a sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń rìn lórí okùn kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn fi máa jẹ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Wọn yóò tún ní bí ẹ̀rọ bá jẹ́ irú kan náà, páàtì rẹ̀ kò ní wọ́n láti rà. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, a kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n ra irú mẹ́wàá? Irú méjì péré ti tó, gíga kan, kúkúrú kan. Bí wọn kò bá sì fẹ́ méjì, kí wọ́n ra èyí tó kúrú fún gbogbo wa. Ẹni tó ga lè tẹ orúnkún díẹ̀ lórí ẹ̀rọ kékeré. Ẹni tó kúrú kò lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí rọ́bà. Bí wọ́n bá sì ní owó ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé owó gígé fóòmù ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n gbé owó ilé ìwòsàn, owó iná iwájú, àti ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kò fi lè dé ibi iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwa tí a ka ìwé mẹ́fà, tí a fi ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kún un, a lè ṣe ìṣirò yẹn. Kí ló dé tí àwọn tó lọ sí yunifásítì kò lè ṣe é?

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí January 2009, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin akoto mú àwọn ọlọ́kadà ní Nàìjíríà. Àwọn kan dé igbá sórí, ẹlòmíràn dé garawa ọ̀dà, gbogbo ayé sì fi wá ṣẹ̀rín. Wọ́n ní a kò gbọ́n. Òfin náà dára, nítorí orí kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí owó òṣìṣẹ́ kò tó rà, tí kò sì bá a mu, yóò wá nǹkan míràn fi dípò rẹ̀. Kí a má tún jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù.

Òfin wà lẹ́yìn wa, ẹ má bẹ̀rù. Labour Act, ní apá karùn-ún rẹ̀, kò gba ọ̀gá láyè láti dédé yọ owó nǹkan tó bàjẹ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe aburú tàbí pé ó ṣe àìbìkítà, kí ọ̀gá sì ti kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìwé yẹn dà? Bákan náà ni òfin tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act ti 2010. Ó ní ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtọ́jú. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó sínú àpò náà lọ́dọ̀ NSITF, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ: ẹni tó bá farapa gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 7. Nítorí náà, ẹ má ṣubú tán kí ẹ lọ sùn sílé pẹ̀lú àgbo. Ẹ wá sọ́dọ̀ aṣojú yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí a ó gbé wá sí ìpàdé ẹ̀ka nìyí, kí ẹ lè jíròrò lé e kí ọjọ́ tó pé. Àkọ́kọ́, kí wọ́n dá owó arákùnrin wa padà, kí wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ àìbìkítà rẹ́ kúrò nínú fáìlì rẹ̀. Èkejì, kí wọ́n má ra alùpùpù kankan mọ́ láìjẹ́ pé àwọn tí yóò gùn ún ti jókòó lé e wò, kí aṣojú ẹgbẹ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi owó iléeṣẹ́ tún ìjókòó àwọn tó wà nílẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó ní ẹ̀rọ kò bá òun mu. Ẹ̀karùn-ún wà fún àwa fúnra wa: kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ yá owó alùpùpù kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì fi kúkúrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín mọ́ ní páàkì.

Nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, nígbà tí Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dúró gbọn-in, kò sí ẹni tó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ga tó. Gíga òṣìṣẹ́ kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Bí a bá dúró papọ̀, kò sí ọ̀gá tó ga jù wá lọ.

Ẹsẹ̀ arákùnrin wa ṣì wà nínú símẹ́ńtì bí a ti ń kọ èyí. Ẹ wá sí ìpàdé o. Ẹ má fi ṣe ti ẹni tó kúrú nìkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àwa aṣojú yín ní ṣọ́ọ̀pù ni.